Ilé Tí A Rà Tí A Tún Lọ Tọrọ

Ilé náà wà ní Kémta. Ó ní òrùlé páànù, ó ní yàrá mẹ́fà àti ẹ̀yìnkùlé tó fẹ̀ dáadáa, kò sì sí ẹni kankan tó ń sùn nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti rà á. Èmi ni mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Síbẹ̀, ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń sùn lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kò wúlò fún ilé tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu mi máa ń rẹ́rìn-ín, èmi kì í sì í lè bá wọn rẹ́rìn-ín náà dópin. Inú bí mi nígbà náà, ìbínú ọ̀hún sì yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Kò sí ẹni tó rẹ́ mi jẹ. Gbogbo ènìyàn ló ń bá mi sọ òótọ́, òótọ́ ẹnì kan kò sì jẹ́ kí òótọ́ ẹnì kejì ráyè. Irú ìbínú bẹ́ẹ̀ kò ní ẹni tí a lè dojú rẹ̀ kọ, nítorí náà inú ara mi ni mo ń gbé e kiri, ó sì ń fọ́ mi lórí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga dé ni. Mo gbà gbọ́ pé ohun tó bá tọ́, bí ènìyàn bá ti ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké, àwọn tó gbọ́ yóò ṣe é. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kọ́kọ́ mú mi ṣiyèméjì.

Òjò ló fà á. Odò Ògùn kún, ó kọjá bèbè rẹ̀ ní apá Láfẹ́nwá, ó sì wọ inú ilé lọ bá àwọn ènìyàn. Ilé alámọ̀ kì í bá omi jà pẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ilé tó wà létí odò ti jókòó sínú ẹrẹ̀, àwọn tó ni wọ́n sì dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò lórí. Ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lẹ́nu ìsinmi, wọ́n sì kó wọn síbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú yan ìgbìmọ̀ kékeré kan fún ọ̀rọ̀ àwọn tí omi lé kúrò nílé. Wọ́n fi ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì ṣe olórí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi èmi, akọ̀wé tuntun, sábẹ́ rẹ̀. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, Òyìnbó kan wá bá wa jókòó. Ó ní ní ìlú òun, lẹ́yìn ogun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yìí, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú ń ra ilé, wọ́n ń fi àwọn tí bọ́ǹbù wó ilé wọn síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí wọn yóò fi rí tiwọn kọ́. Gbogbo wa mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dára létí. Kò sí ẹni tó bi í bóyá wọ́n máa ń sin bàbá wọn sí pálọ̀ ní ìlú tirẹ̀.

Èmi kò ronú kàn án rárá. Ìdílé onígbàgbọ́ ni wá, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sin bàbá mi sí, lábẹ́ òkúta funfun tí a kọ nǹkan sí lára. Ti ọ̀gá mi náà rí bẹ́ẹ̀, àní láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Nígbà tí a lọ wo ilé Kémta, àwa méjèèjì rí ojú oórì náà láàárín pálọ̀, ó ga díẹ̀ sókè, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Ọ̀gá mi gbé fìlà rẹ̀ lé e nígbà tó ń wọn yàrá. Mo rántí pé ọkàn mi kò lélẹ̀ nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ìdí tí ọkàn mi kò fi lélẹ̀.

Baálé ilé náà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ reluwé, ló dúró fún ẹbí tó tà á. Àwọn ọmọ ti wà ní Èkó, àwọn ọmọ ọmọ kò ní í padà wá gbé ilé àtijọ́, bàbá náà sì ti kọ́ ilé tirẹ̀ sí ibòmíràn. Gbogbo ẹbí ló fọwọ́ sí i, lọ́kùnrin lóbìnrin. A pín obì jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ìyá arúgbó kan tí ara rẹ̀ ṣì yá, tẹ ìka tirẹ̀ sí ìwé, ó nu ìka náà sétí aṣọ rẹ̀, ó ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kó tu àwọn tó ń bọ̀ lára." Èmi ni mo ṣe àmín tó ròkè jù.

Nígbà tí a fi ra ilé tán, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní ilé-ìwé ti lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹni kan wá mú un, àna ẹlòmíràn ránṣẹ́ sí i, ẹni kan rántí ìbátan ìyá rẹ̀ ní Ìtòkò. Ó wá ku Ìyá Ẹlẹ́kọ àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta nìkan. Ọkọ rẹ̀, tó wá láti ìlú mìíràn wá ṣiṣẹ́ pákó, ti kú. Abúlé kan ní apá Ọ̀dẹ̀dá ni wọ́n ti bí òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òbí rẹ̀ kò sí mọ́, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sì ti tú ká. Ẹ̀kọ ló ń tà ní Láfẹ́nwá, lẹ́bàá ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń dúró sí. Tíṣà àgbà kò sì gbà kí wọ́n dáná nínú ọgbà ilé-ìwé, nítorí náà obìnrin tó ń fún gbogbo Láfẹ́nwá ní ẹ̀kọ jẹ wá di ẹni tó ń ra ẹ̀kọ ẹlẹ́kọ jẹ. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ilé-ìwé máa wọlé. Tíṣà àgbà ti ránṣẹ́ sí wa pé bẹ́ǹṣì òun ni òun ń fẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò le, bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Ilé wà, kò sí ẹni nínú rẹ̀. Obìnrin wà, kò ní ilé. Ẹ̀yìnkùlé Kémta sì ní ààrò ńlá kan tó ń dúró de iná. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo mú un lọ.

Ó gbé ìkòkò ẹ̀kọ rẹ̀ lórí, àwọn ọmọ gbé ìyókù, èmi gbé ẹní. Inú mi dùn débi pé mo ń bá àwọn ọmọ náà kọrin lójú ọ̀nà. Mo rò pé ohun tí mo kàwé fún ni mo ń ṣe yìí.

Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìyá arúgbó ọjọ́sí, ẹ̀gbọ́n baálé, jókòó lórí ẹní lẹ́bàá ojú oórì, ó ń yọ èèpo ẹ̀gúsí sínú igbá.

"Ẹ kú ilé o, mà."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ẹrù o. Ta ni ẹ wá bá?"

Mo ní, "Mà, ìyá yìí ló ń bọ̀ wá gbé ibí. Ìgbìmọ̀ ló ní ká wá."

Ó wo ẹ̀yìn wa bí ẹni tó ń wá Ìgbìmọ̀ náà. "Ìgbìmọ̀ kò sí nílé," ó ní. "Ta ni ẹ wá bá?"

Mo rò pé kò gbọ́. Mo tún un ṣàlàyé. Mo rán an létí ọjọ́ tí a jẹ obì, mo rán an létí pé òun náà tẹ ìka.

"Mo tẹ̀ ẹ́. Ìka mi ló wà níbẹ̀. Ṣé mo ní mo ń gbà á padà ni? Mo kàn ń bi ẹ́ ni, ta ni obìnrin yìí wá bá nílé bàbá mi?"

"Kò wá bá ẹnikẹ́ni, mà. Ilé ló wá gbé."

Ìyá náà gbé ẹ̀gúsí sílẹ̀. Ó wo Ìyá Ẹlẹ́kọ tàánútàánú. "Ó mà ṣe o. O ò wá bá ẹnikẹ́ni?"

Ìyá Ẹlẹ́kọ ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ inú ilé. Ó yọ ẹsẹ̀ náà jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ẹ má bínú sí wa." Ó yí padà pẹ̀lú ìkòkò lórí, ó sì ń lọ. Àwọn ọmọ tẹ̀ lé e. Èmi nìkan dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹní lábẹ́ abíyá.

Gbogbo àwọn tó rí wa nígbà tí à ń lọ ló tún rí wa nígbà tí à ń bọ̀. Obìnrin kan tó ń sá ẹ̀lúbọ́ pariwo pé, "Akọ̀wé, ẹ tún ń kó wọn padà ni? Àbí òórùn ilé náà kò bá wọn lára mu?" Etí mi gbóná. Ó dùn mí pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì tún dùn mí pé ó ń dùn mí, nítorí ẹni tí kò ní ilé ló yẹ kí n máa káàánú, kì í ṣe etí mi.

Ọ̀gá mi jẹ́ ẹni tó ń de táì láàárín oòrùn, kì í sì í tú u.

"O ní ó ń béèrè kí ni?"

"Ó ń béèrè ẹni tí obìnrin náà wá bá, sà."

"Kí o sọ pé Ìgbìmọ̀."

"Mo sọ ọ́, sà. Ó ní Ìgbìmọ̀ kò sí nílé."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ náà wá dúró, ò ń gbọ́? Gbogbo ìwé tí o kà yìí, kí ni wọ́n ní kó o máa fi ṣe? Lọ bá àbúrò rẹ̀ tó ta ilé. Kó wá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò."

Mo lọ bá baálé. Ó ń fi ọkà bọ́ pẹ́pẹ́yẹ níwájú ilé rẹ̀ tuntun.

"Mo ta ilé," ó ní. "N kò jiyàn."

"Ẹ̀gbọ́n yín kò jẹ́ ká wọ̀ ọ́, sà."

"Ó dí yín lọ́nà ni?"

"Rárá, sà."

"Ó bú yín?"

"Rárá. Ó ní ká káàbọ̀."

"Ó ní kí ẹ káàbọ̀, ẹ wá sọ pé kò jẹ́ kí ẹ wọlé." Ó da ọkà sílẹ̀. "Ẹ̀yin akọ̀wé yìí."

"Ṣùgbọ́n ó jókòó ti ojú oórì, sà."

"Bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ibo ni kó jókòó sí? Ọ̀dọ̀ mi níbí ló ń sùn, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ibẹ̀ ló ń lọ. Ilé ni mo tà fún yín. Ṣé a ta bàbá wa mọ́ ọn?"

Ó ń wojú mi, ó fẹ́ kí n dáhùn ní tòótọ́. Mo ní rárá, a kò ra bàbá wọn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní, ó sì fún mi ní ọsàn méjì pé kí n máa mu lọ́nà. Mo fẹ́ sọ ọsàn náà lu igi. Bí ó bá jẹ́ pé ó le mọ́ mi ni, ì bá sàn. Inú rere àwọn ènìyàn wọ̀nyí ló ń dá mi lágara, nítorí n kò rí ibi tí mo lè dì mú nínú rẹ̀ láti fi jà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá mi fún mi ní akódà kan, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ nínú aṣọ kákí, tí ohùn rẹ̀ máa ń dá ọjà dúró. Mo ní lónìí, ọ̀rọ̀ parí. Akódà wọlé níwájú mi.

"Ẹ káàbọ̀," ni ìyá náà wí. "Ta ni ẹ wá bá?"

Akódà ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀yin ni mo wá bá, mà. Mo wá kí yín ni." Ìyá náà bu omi fún un, ó mu. Wọ́n bi ara wọn léèrè oko, wọ́n bi ara wọn léèrè eékún, akódà sọ ewé tí ìyá tirẹ̀ fi ń ra eékún. Lẹ́yìn náà ó dágbére, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e.

"Ẹ ò sọ nǹkan kan fún un!"

"Kí ni kí n sọ? Ṣé ẹ kò rí i pé mo ti mu omi ilé náà ni? Ẹni tó mu omi ilé tán, ìgbà wo ni yóò wá lé ọmọ ilé?"

"Kí ló dé tí ẹ fi mu ún?"

Ó wò mí bí ẹni pé ọpọlọ mi ti ń yí. "Ó bù ú fún mi, akọ̀wé."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mo lọ bá Ìyá Ẹlẹ́kọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwé. Ó ti rẹ àgbàdo sínú kòròbà láti ìgbà tí mo ṣe ìlérí ààrò fún un, àgbàdo náà sì ti ń kan kọjá bó ṣe yẹ. Ó ń fi ọwọ́ rò ó, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń mi orí. Ojú mi kò gbà á. Ohun tó bá ń bà mí nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìbínú ló máa ń dà lẹ́nu mi, bí ó ṣe rí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ kọ̀ láti wọlé! Kò lé yín. Ó kàn béèrè ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wo ibi tí ẹ bá ara yín!"

"Ẹ má pariwo mọ́ mi lórí, bùròdá. Mo gbọ́ yín." Ó nu ọwọ́. Ó fa ọmọ rẹ̀ kékeré mọ́ra. "Nígbà tí omi wọlé bá wa, ta ló gbé ọmọ yìí jáde? Aládùúgbò ni. Mo ké, ó sì dáhùn, torí ó mọ ẹni tó ń ké. Bí mo bá wọ ilé Kémta láìjẹ́ pé ọmọ ilé gbà mí, tí ibà wá mú ọmọ yìí, ta ni kí n ké pè? Ṣé kí n ké pé, 'Ìgbìmọ̀ o, ẹ gbà mí'?"

"Ìgbìmọ̀ o!" ni àkọ́bí rẹ̀ ké, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

"Ẹ lọ bẹ ìyá náà nígbà náà. Ẹ ní òun lẹ wá bá."

"Èmi kẹ̀? Àlejò kì í fúnra rẹ̀ tọrọ ilé nígbà tí ẹni tó mú un wá dúró tì í. Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ. Ẹ̀yin ni ìyá náà máa bi pé irú ènìyàn wo ni mí. Bí mo bá hùwàkiwà, ẹ̀yin ni wọ́n máa ránṣẹ́ pè. Mo dúró lẹ́yìn yín lọ́jọ́ yẹn, mò ń retí kí ẹ sọ ọ́, ẹ ń sọ̀rọ̀ ìwé."

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké. Ara tù mí, mo sì tún bínú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ara tù mí nítorí mo ti wá mọ ohun tó há. Mo bínú nítorí pé bí a bá ti tọrọ yàrá fún obìnrin yìí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nílé yẹn tàbí nílé mìíràn, wọn ì bá ti fún wa kí á tó sọ̀rọ̀ tán, láìra nǹkan kan. Rírà tí a rà á ló mú kí ó dà bí ẹni pé a kò nílò ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Mo sáré lọ sọ fún ọ̀gá mi. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí.

"Kí o lọ tọrọ ilé tí Ìgbìmọ̀ ti rà," ó ní.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, sà."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹni tó bá tọrọ nǹkan ti sọ pé kì í ṣe ti òun. Ọjọ́ tí o bá tọrọ rẹ̀, o ti dá a padà fún wọn, gbogbo Kémta ló máa gbọ́. Mo kọ̀." Ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Ojú oórì yẹn ló fà á. Láàárọ̀ ọ̀la, èmi fúnra mi yóò mú bíríkìlà lọ. Kó wó o palẹ̀, kó fi sìmẹ́ńtì tẹ́ pálọ̀ náà kó dọ́gba. Bí kò bá sí ojú oórì mọ́, kí ni yóò máa jókòó tì?"

Ọ̀gá mi kì í ṣe ìkà. Ó fẹ́ kí obìnrin náà rí ilé kí ọjọ́ Ajé tó dé, bí èmi náà ṣe fẹ́. Ó ti sú u ni, bí ó ṣe sú mi, ẹni tí nǹkan bá sì ti sú lè wó ohun tí kò lè tún kọ́. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀rù bà mí nítorí ìyá náà àti bàbá rẹ̀, ẹ̀rù sì tún bà mí nítorí iṣẹ́ mi. Ìyá mi ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti ń jókòó ní ọ́fíìsì. Mo ń ro ẹ̀rù méjèèjì pọ̀, mo ń gbìyànjú láti mọ èyí tó wúwo jù, ojú sì tì mí pé mo ń wọ̀n wọ́n rárá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ sí Kémta kí bíríkìlà tó dé.

Ìyá náà ń fi àkísà tútù nu ojú oórì, bí a ti ń nu ojú ọmọ. Kò wẹ̀yìn. "Ẹ káàbọ̀. Ta ni ẹ wá bá?"

"Ẹ̀yin ni, mà." Mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti ẹ̀wù funfun mi. "Ẹ̀yin ni mo wá bá. Mo mú àlejò kan wá, mo wá tọrọ ibi tí yóò máa sùn."

Ó dáwọ́ dúró. Mo ń wo ilẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn ọ̀gá mi nínú orí mi pé mo ti dá a padà.

"Irú ènìyàn wo ni?"

"Opó ni, mà. Ẹlẹ́kọ ni. Ó ní ọmọ mẹ́ta. Kò ní ariwo."

"Ẹ̀kọ rẹ̀ ń dì dáadáa?"

"N kò... n kò tíì jẹ ẹ́, mà."

"O mú ẹlẹ́kọ wá, o ò jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ rí. Irú ẹlẹ́rìí wo nìyí? Ọmọ ta ni ẹ́?"

Mo sọ ilé bàbá mi fún un, mo sọ ti ìyá mi.

"Bí ó bá hùwà tí kò dáa, ìwọ ni n ó ránṣẹ́ pè?"

"Èmi ni, mà."

"Dìde. O ti fi ẹ̀wù onígbàgbọ́ nulẹ̀ ilé fún mi, mo sì ti gbá a tẹ́lẹ̀." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń bi yín. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ̀rọ̀ yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní nítorí pé ní ìpàdé àkọ́kọ́...

"Má ṣàlàyé," ó ní. "Lọ mú wọn wá. Ṣùgbọ́n sọ fún un, kò gbọdọ̀ sá àgbàdo sórí bàbá mi."

N kò gun kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà tí a padà dé, ìyá náà ti jáde síta, ó dúró de ẹrù. Ìyá Ẹlẹ́kọ sọ ìkòkò kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni mo wá bá, mà," kí ó tó di pé wọ́n bi í. "Káàbọ̀, ọmọ mi," ni ìyá náà wí. "Kú ìrìn. Kú ewu omi." Ó di ọmọ kékeré mú lọ́wọ́, ó mú un wọ pálọ̀, ó sì sọ fún sìmẹ́ńtì dídán náà pé, "Bàbá, a ní àlejò o." Ọmọ náà kúnlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ń wá igi.

Èéfín ti ń jáde nígbà tí ọ̀gá mi dé pẹ̀lú bíríkìlà. Ó dúró sójú ọ̀nà, ó ń wo èéfín, ó ń wò mí, ó ń wo amọ̀ tó wà láyà ẹ̀wù mi.

"Ó ti wọlé?"

"Ó ti wọlé, sà."

"Báwo ló ṣe wọlé?"

Ìyá náà ló yọ sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá. Ẹ kú oòrùn. Ta ni ẹ wá bá?"

Ọ̀gá mi ya ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo rí i pé Ìgbìmọ̀ ló wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ti mú, òkè Kémta ti mú kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ, ìyá náà sì ti na ife omi sí i. Ó wo ife náà. Ó gbà á, ó mu ún tán.

"Mo wá kí yín ni, mà," ó ní, ohùn rẹ̀ sì bọ́ sílẹ̀ bí ti ẹni tó ṣubú. Akódà nìkan ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ kó rí i.

"Ẹ ṣé o. Ẹni wo nìyí tó mú irin ìrẹ́lé lọ́wọ́?"

"Bíríkìlà ni, mà."

"Ọlọ́run ló rán an. Ààrò ẹ̀yìnkùlé ti là, iná ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni sìmẹ́ńtì tí Ìgbìmọ̀ gbé wá láti fi pa ojú oórì rẹ́ ṣe di èyí tí wọ́n fi tún ààrò ẹ̀kọ ṣe. Ọ̀gá mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ọ́fíìsì. Kò lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó kàn ní kí n lọ pààrọ̀ ẹ̀wù.

Mo rò pé ó parí. Ilé-ìwé wọlé ní ọjọ́ Ajé, tíṣà àgbà rí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ẹ̀kọ Ìyá Ẹlẹ́kọ tún dé Láfẹ́nwá. Ìgbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó ni ọ̀gá mi pè mí.

"Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí obìnrin yẹn máa kúrò. Fún ìgbà díẹ̀ la fi ra ilé yìí. Lọ béèrè."

"Lọ́wọ́ ta ni, sà?"

Ó wò mí pẹ́. "Lọ́wọ́ ẹni tó o tọrọ ilé lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní.

Mo lọ. Ìyá náà jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó ń fi àkàrà jẹ ẹ̀kọ. Mo kí i, mo yí ọ̀rọ̀ náà po, mo fi ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀, mo fi àforíjì tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn mo ní láti sọ ọ́: wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí àlejò máa lọ.

Ó dẹ́kun jíjẹ. "Nígbà tí o wọlé wá báyìí, ṣé mo bi ẹ́ ní ìgbà tó o máa lọ?"

"Rárá, mà."

"Jókòó nígbà náà." Ó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. "Ìyá Ẹlẹ́kọ! Mú ẹ̀kọ wá fún ẹni tó mú ẹ wá. Kò tíì jẹ ẹ́ rí."

Mo jókòó sílẹ̀, mo gbé báàgì ọ́fíìsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo kíyè sí i kí n má gbé e lé orí bàbá wọn. Wọ́n gbé ẹ̀kọ náà wá nínú ewé. Ó dì. Ó dì dáadáa. Mo ń jẹ ẹ́, mo ń ronú ohun tí n ó lọ sọ fún ọ̀gá mi, mo sì tú ewé kejì.